Bàtà Ló Ń Dá Kọ́kọ́rọ́ Padà

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rí ilé gogoro olókùúta tó wà ní Kilscarra, ní ìgbèríko Limerick, àfi kó kọ́kọ́ bọ́ bàtà ní ilé Dympna Hartigan. Kò sí tàbí-ṣùgbọ́n níbẹ̀. Ìbáà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì, ìbáà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, ìbáà jẹ́ tọkọtaya tó wọ bàálù láti òpin ayé wá, gbogbo wọn ló ń bọ́ ọ. Pátákó kékeré kan wà létí títì tó ń darí wọn síbẹ̀: Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ìyá Hartigan, ilé onílẹ̀kùn pupa. Ilẹ̀kùn ọ̀hún kò pupa mọ́ láti nǹkan bí ogún ọdún, àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa torí ọ̀dà pààrọ̀ pátákó? Ilé mìíràn kò kúkú sí létí títì níbẹ̀.

Dympna ti pé ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Kò ga, kò sì sanra, àmọ́ tó bá pe adìyẹ rẹ̀ láàárọ̀, ẹni tó wà lórí òkè lódìkejì á rò pé òun ni wọ́n ń pè. Inú ilé yẹn ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ fa kọ́kọ́rọ́ ilé gogoro lé lọ́wọ́, ìyẹn fà á lé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, bàbá Dympna, lọ́wọ́, nígbà tí ọmọ ọ̀hún náà sì kú, Dympna kò dúró kí ẹnikẹ́ni bi òun bóyá òun fẹ́. Ó kàn ń bá iṣẹ́ lọ ni. Kò lọ́kọ. Ẹni tó bá fẹnu kan ọ̀rọ̀ náà, a fún un lésì pé òun kò rí ọkùnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba àlejò.

Kọ́kọ́rọ́ náà dúdú, ó gùn, ó sì wúwo bí òòlù. Orí ìṣó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Ọkàn Mímọ́ Jésù ló máa ń wà. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni bàtà rọ́bà gígùn mẹ́sàn-án tò sí, láti orí èyí tó bá ọmọdé mu dórí èyí tí Mossy Cagney aládùúgbò rẹ̀ pàápàá lè tẹsẹ̀ bọ̀, ẹsẹ̀ Mossy yẹn sì rèé, bí ọkọ̀ ojú omi ló rí. Inú pápá Mossy ni ilé gogoro wà. Màlúù ń tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru, òjò ìgbèríko Limerick kì í sì í gbàyè kó tó rọ̀, ẹrẹ̀ ibẹ̀ lè gba bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn kó má dá a padà. Ìdí nìyẹn tí bàtà àlejò fi ń wà nídìí sítóòfù Dympna, tí àlejò fúnra rẹ̀ á wọ bàtà rọ́bà, tí wọ́n á wá fa kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ìkìlọ̀.

"Àtẹ̀gùn kẹrin ń mì, ẹ má fara tẹ̀ ẹ́. Akọ màlúù yẹn kì í jà, ẹ ṣáà má wò ó lójú. Tẹ́ ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́ tán, ẹ fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ó máa ń ṣorí kunkun. Tíì á ti wà nílẹ̀ tẹ́ ẹ bá dé."

Àwọn àlejò a ní rárá o, àwọn ò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹni tó bá gba tíì nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, wọ́n kọ́ ọ nílé, kò gbọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta la máa ń gbà. Dympna kò ráyè irú eré bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti bu ú sínú ife.

Nínú ìlú Limerick gan-an, ààfin olókùúta ńlá kan wà létí odò Shannon tí èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà ṣọ́ọ̀ṣì fi bọ́ọ̀sì kó Dympna lọ síbẹ̀ lọ́dún kan. Nígbà tó dé, Mossy bi í pé báwo ló ṣe rí.

"Ó dáa," ni Dympna wí. "Wọ́n fi ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ bò mí létí, ọkùnrin kan wá ń rojọ́ sí mi létí fún odindi wákàtí kan. Mi ò lè dá a lóhùn, kò sì bi mí bóyá ebi ń pa mí. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Oṣù kẹrin ọdún tó kọjá ni lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì kan nílùú tó ń bójú tó àwọn ilé àtijọ́. Lẹ́tà náà dùn bí oyin. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìdílé Hartigan fún iṣẹ́ takuntakun. Wọ́n ní bí ìgbà ooru bá ti wọlé, àgádágodo onínọ́ńbà làwọn máa fi sí ilẹ̀kùn ilé gogoro. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó á gba tíkẹ́ẹ̀tì nílùú, nọ́ńbà á wọlé sórí fóònù rẹ̀, á sì lọ tààrà láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Òṣìṣẹ́ àwọn kan ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ láti wá gba kọ́kọ́rọ́.

Dympna kà á lẹ́ẹ̀mejì. Láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu! Ta ló sọ fún wọn pé ẹnì kan ń yọ òun lẹ́nu? Àwọn èèyàn tó ti jókòó sídìí tábìlì yẹn kò lóǹkà, wọ́n ti fi èdè tí kò gbọ́ kí i, wọ́n ti fi àwòrán ọmọ wọn hàn án, obìnrin kan láti Pólándì tilẹ̀ sunkún níbẹ̀ nítorí ìyá rẹ̀ tó kú. Bí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́, kò sẹ́ni tí yóò kan ilẹ̀kùn yẹn mọ́, yóò wá ku òun àti adìyẹ nínú ilé. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Kò sunkún ṣá. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó po ìyẹ̀fun búrẹ́dì.

Mossy wọlé lọ́jọ́rú, ó gbé lẹ́tà náà lórí tábìlì, ó kà á láìtọrọ àyè.

"Wọ́n ti fẹ̀yìn rẹ tì nìyẹn," ló wí.

"Ìwọ ló yẹ kí wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ tì, ìwọ tó ti ń sinmi láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún ọ."

"Orí fóònù ni nọ́ńbà á máa gbà wọlé o."

"Fóònù wo ló ń ṣiṣẹ́ nínú pápá rẹ, àfi kéèyàn gun akọ màlúù?"

Mossy rẹ́rìn-ín, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn ńkọ́? Tí òṣìṣẹ́ wọn bá ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ ńkọ́?"

"Á mọ̀ nígbà náà."

Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí náà fún yín, torí ẹni mẹ́ta péré ló mọ̀ ọ́n nígbà yẹn, ọ̀kan nínú wọn sì ti kú. Kọ́kọ́rọ́ yẹn kò ṣí nǹkan kan. Ìpẹtà ti jẹ inú ihò kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà láti ọdún mẹ́tàdínlógójì sẹ́yìn, kọ́kọ́rọ́ kàn ń yí nínú rẹ̀ bí ṣíbí nínú ife tíì ni. Èjìká ló ń ṣí ilẹ̀kùn. Bàbá Dympna ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí i, ó sì ní kí wọ́n panu mọ́. "Tí a bá sọ fún àwọn ọ́fíìsì, wọ́n á wá," ni bàbá náà wí. "Tí wọ́n bá sì wá, wọn ò ní lọ mọ́." Ó kú lọ́dún kejì, Dympna sì ń fún èèyàn ní kọ́kọ́rọ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é.

"Bá a lọ síbẹ̀," ni Mossy gbà á nímọ̀ràn. "Ìwọ ni kó o bá a yí i. Kò ní fura."

"Mi ò tíì tan ẹni tó bọ́ bàtà nílé mi jẹ rí, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni ọ́fíìsì. Mo ní kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, wọ́n ń yí i. Mo ní kí wọ́n fi èjìká ti ilẹ̀kùn, wọ́n ń tì í. Ibo ni irọ́ wà níbẹ̀?"

Mossy ronú sí i títí, kò rí irọ́ níbẹ̀, ó bá gba ilé rẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin tó dé lọ́jọ́ kejì ń jẹ́ Orlaith Devane. Kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ó fa irun sẹ́yìn, ó gbé páálí àgádágodo tuntun sábíyá, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọn ò ṣe fún nǹkan kan àfi kápẹ́ẹ̀tì.

"Bọ́ bàtà rẹ, ọmọ mi," ni Dympna fi kí i.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ má ṣèyọnu, ọ́fíìsì ló rán mi. Àwa la ni ilé gogoro yẹn."

"Ẹ̀yin lẹ ni ilé gogoro. Mossy ló ni ẹrẹ̀."

Orlaith bojú wo pápá láti ojú fèrèsé, ó wo bàtà rẹ̀, ó sì bọ́ ọ. Bàtà rọ́bà tó bọ́ sí i lọ́wọ́ fi nǹkan díẹ̀ tóbi jù ú lọ. Dympna já kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó, ó fà á lé e lọ́wọ́, ó sì ka gbogbo ìkìlọ̀ fún un láìyọ ọ̀kan sílẹ̀: àtẹ̀gùn kẹrin, akọ màlúù, èjìká, tíì. Orlaith ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìkéde nínú bàálù. Ó jáde, ó ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ. Dympna gbójú sókè wo aago.

Àṣà rẹ̀ nìyẹn. Ilé gogoro kì í gbà ju wákàtí kan lọ, lílọ, wíwò àti bíbọ̀. Tó bá pé wákàtí kan àtààbọ̀ tí bàtà ṣì wà nídìí sítóòfù, wọ́n ń lọ wá ẹni tó ni ín nìyẹn. Ó ki ìwé ìròyìn sínú bàtà Orlaith tí omi ojú ọ̀nà ti rin, kó lè gbẹ, ó gbé búrẹ́dì jáde, ó jókòó. Òjò bẹ̀rẹ̀. Wákàtí kan pé, kò sẹ́ni tó bọ̀. Nígbà tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Dympna gbé fóònù ilé, ó pe Mossy.

Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni ilẹ̀kùn ṣí. Orlaith ti rẹ gbingbin. Ẹrẹ̀ wà lórúnkún rẹ̀, páálí abẹ́ abíyá rẹ̀ ti wó sínú. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì ń wò ó bí ẹni pé ó máa sọ̀rọ̀.

"Màmá, kọ́kọ́rọ́ yìí kò ṣí nǹkan kan."

"Rárá o, kò ṣí." Dympna ń gé búrẹ́dì. "Ṣé wàá fi bọ́tà sí i?"

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́tàdínlógójì."

"Ọdún mẹ́tàdínlógójì tí ilẹ̀kùn ti wà ní ṣíṣí? Irin lásán lẹ wá ń fún àwọn èèyàn?" Ohùn Orlaith ti ń gòkè. "Màmá, kí ni mo fẹ́ kọ sínú ìjábọ̀ mi? Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọ̀gá mi?"

Inú bí Dympna wàyí. Kì í pariwo tínú bá ń bí i, ṣe ló máa ń falẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó jókòó síwájú ọmọbìnrin náà.

"Ta ló jí òkúta kan níbẹ̀? Sọ fún mi. Ṣé o rí i kí ẹnì kan kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri? O ò rí i. Tẹ́tí sí mi. Lóṣù Kejìlá ọdún kan, ọkùnrin ará Bẹ́ljíọ̀mù kan wá síbí. Bàtà rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ igi, ọ̀tún ti lu níwájú. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́, mo kìlọ̀ fún un. Tíì rẹ̀ tutù. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, bàtà yẹn sì wà níbi tí tìrẹ wà yìí, ó ń wò mí. Mo pe Mossy. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn kẹrin la ti bá a, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí ẹni pè. Mossy yọ géètì pápá, ó gbé e lé e lórí, ó fi katakata wọ́ ọ wálé. Dókítà ní tí ilẹ̀ bá mọ́ bá a níbẹ̀, òkú ni à bá gbé."

Ó ti kọ́kọ́rọ́ náà díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Orlaith.

"Èyí kì í ṣe ti ilẹ̀kùn. Tèmi ni. Òun ló ń mú wọn wá síbí kí n lè mọ ẹni tó wọlé, kí n sì mọ ẹni tí kò tíì jáde. Àgádágodo rẹ dáa, mi ò bú u. Àmọ́ ta ló máa bá a wo bàtà?"

Orlaith fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀. Ohun tí àgbà jókòó rí, àwọn ọmọdé mìíràn á gun ilé gogoro, wọn ò ní rí i. Ti ọmọ yìí yàtọ̀, torí ó ti gun ilé gogoro, ó sì ti já bọ́.

"Mo yọ̀ ṣubú," ló wá wí jẹ́jẹ́. "Lórí àtẹ̀gùn kẹrin."

"Mo rí orúnkún rẹ."

"Ẹsẹ̀ mi há sáàárín òkúta. Mo pariwo, mo pariwo, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ẹ̀rù bà mí, Màmá. Mo ní ká ní mi ò lè yọ ọ́ ńkọ́?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù fún ọ. Wo ìta."

Orlaith yíjú sí fèrèsé. Mossy ló dúró lẹ́nu géètì nínú òjò, ó ti wọ kóòtù, ó gbé okùn àti iná lọ́wọ́, ó ń dúró kí Dympna ṣẹ́wọ́ sí òun. Ọmọbìnrin náà wò ó pẹ́. Dympna na ọwọ́ sókè pé kó máa lọ, Mossy sì yí padà, ó ń kùn lọ sílé.

Tíì tí wọ́n bu fún Orlaith, ó mu ún láìkọ̀ ọ́ rárá. Nígbà tó mu ún tán, ó ní òun gbọ́dọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ọ̀gá òun kò ní gba òun gbọ́ tí kò bá fojú rí i. Òun á sọ ohun tí òun rí, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí ibi tó máa já sí, torí wọ́n ti ra àgádágodo, wọ́n sì ti tẹ tíkẹ́ẹ̀tì.

"Mú un lọ," ni Dympna wí. Ó dùn ún, ó kó ife kúrò nílẹ̀.

Orlaith dìde, ó gbé kọ́kọ́rọ́, ó jáde nínú bàtà rọ́bà. Ó ti dé ẹnu ọkọ̀ kí Dympna tó rí i.

"Ọmọ mi, bàtà rẹ!"

"Kọ́kọ́rọ́ yín wà lọ́wọ́ mi, Màmá," ni Orlaith dáhùn. "Bàtà mi wà lọ́wọ́ yín." Ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Mossy kò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ sinmi.

"Ogójì bàtà ni irú ọmọ yẹn ní nílùú," ló wí. "Ó ti gbàgbé èyí."

"Ìwọ lo ní bàtà kan ṣoṣo, ó sì ń rùn. Jáde lọ."

Ṣùgbọ́n tí Mossy bá ti lọ, Dympna á jókòó máa wo ìṣó òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọkàn Mímọ́. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀rù kì í sábà ba obìnrin yìí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó kàn ń nu ohun tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ ni. Ó fi pọ́líìṣì nu bàtà Orlaith lẹ́ẹ̀mẹta.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà, tọkọtaya kan láti Japan kan ilẹ̀kùn. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wọ ti rọ́bà, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì láti gba kọ́kọ́rọ́. Dympna wo ìṣó, ó wo ọwọ́ wọn. Ó bá ki ọwọ́ sápò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé adìyẹ rẹ̀, ó fà á lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú gbogbo ìkìlọ̀. Wọ́n tẹrí ba, wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n dá a padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n ní ó ṣí i dáadáa. Àwọn adìyẹ ló jìyà rẹ̀, wọn ò rí ìta títí ọ̀sán fi pọ́n.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tó lọ, ìyẹn Sátidé, ọkọ̀ funfun kékeré dúró lẹ́nu géètì. Orlaith sọ̀ kalẹ̀ nínú bàtà olówó pọ́ọ́kú kan, ó fi ọwọ́ kan gbé bàtà rọ́bà tó ti fọ̀ mọ́ tónítóní, ó di kọ́kọ́rọ́ mú ní ọwọ́ kejì. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wọlé tààrà, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó, ó sún sẹ́yìn díẹ̀ wò ó bóyá ó dúró dáadáa. Ìgbà yẹn ló tó wá sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá mi ní kí ni ìwúlò kọ́kọ́rọ́ tí kò ṣí ilẹ̀kùn. Mo fi orúnkún mi hàn án."

"Kí ló wá wí?"

"Ó wò ó dáadáa. Ó ní kí wọ́n wá tún àtẹ̀gùn kẹrin ṣe, kí àgádágodo tuntun náà sì lọ sí ibòmíràn." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ó máa fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, Màmá, níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ó tún ní kí n bi yín, pátákó etí títì yẹn, kí ni ká kọ sí i?"

Dympna yíjú sí sítóòfù, ó ń wá nǹkan tí kò sọnù níbẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ pé ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé," ló wí. "Kẹ́ ẹ sì kọ bàtà sí i."

"Ó dáa, Mà." Orlaith bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ mú bàtà rẹ̀ tó ń dán yinrin nídìí sítóòfù. "Ẹ jẹ́ kí n tètè máa lọ, mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu."

"Fi í sílẹ̀," ni Dympna wí, ó ti ń bu tíì. "Jókòó. Bàtà yẹn kò tíì gbẹ."

Láti ọjọ́ kejì tó ti fi í síbẹ̀ ni bàtà náà ti gbẹ. Orlaith fọwọ́ kàn án, ó mọ̀, ó sì fa àga sẹ́yìn, ó jókòó.